Ọ̀gá Tó Kọ̀ Láti Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ nàró kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bó bá gbọ́ pé ẹnì kan jókòó nígbà tí wọ́n ń dárúkọ òun, ìbínú lè gbẹ̀mí ẹ̀.

Ọ̀gá kan ni ní ilé ìwé gíga kan. Òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí yàrá rẹ̀ ń jò, ẹni tí kò rí ibùsùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé iṣẹ́ náà rù, ẹ ó rò pé òun ló ń ti oòrùn jáde láàárọ̀ tó sì ń fà á wọlé nírọ̀lẹ́ ni. Ẹ-Dìde làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí kò sí ibi tó fẹ́ wọ̀ tí akọ̀wé rẹ̀ kì í kọ́kọ́ sáré wọ̀, tí á pariwo pé, "Ẹ dìde!" Ẹni tó ń jẹun á dìde tòun ti òkèlè lẹ́nu. Ẹni tó ń sùn á dìde tòun ti oorun lójú. Wọ́n ní ó lọ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kán lẹ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, akọ̀wé ní "Ẹ dìde!", ọmọ ọlọ́mọ gbìyànjú, ẹsẹ̀ kejì bá tún kán. Ẹ má bi mí bóyá ó ṣojú mi.

Akọ̀wé yìí náà ní orúkọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò mọ ọ̀rọ̀ míì. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ta bí iná, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó ti rin mí dé àwọ̀tẹ́lẹ̀ sà," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òun ló ń gbé tìmùtìmù tí ọ̀gá ń fìdí lé. Òun ló ń gbé aṣọ ìnujú ọ̀gá. Òun náà ló sì ń rẹ́rìn-ín àwàdà ọ̀gá kí ọ̀gá tó sọ àwàdà náà tán.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀gá pátápátá ilé ìwé fẹ́ fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ sì máa ṣófo. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé ló máa yan ẹlòmíì. Màmá kan ni alága wọn, ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Màmá Alága ti ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé jáde bá fi fíìmù wọn han gbogbo èèyàn, ọjọ́ náà lòun máa dárúkọ ọ̀gá tuntun. Láti ìgbà tí Ẹ-Dìde ti gbọ́ èyí ni kò ti rìn mọ́, ó ń yan ni. Ìyàwó rẹ̀ bá a níwájú dígí níbi tó ti ń kí ara rẹ̀ kú oríire, tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ó tó, ẹ jókòó." Obìnrin náà kàn pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Nínú àwọn tó fẹ́ ṣe fíìmù àṣekágbá yìí ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ojú-Kan. Ojú rẹ̀ méjèèjì pé o. Ó kàn ń pa ọ̀kan dé nídìí kámẹ́rà títí ó fi di pé ojú kan ló ń fi wo oúnjẹ. Fídíò orin ló fẹ́ yà, orin apanilẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àgbá, nítorí ikùn rẹ̀ àti nítorí ohùn rẹ̀, ló kọ orin náà. Orin ọkọ kan ni, tó da ilé rú nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde: ó da omi nù, ó ya ìrọ̀rí, ó dojú àga dé. Ló bá gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹrù ilé:

Omi tó dànù, dákun padà sí garawa,
Òwú tó fò lọ, dákun padà sí ìrọ̀rí,
Ìyàwó mi ń bọ̀, ẹ má pa mí o!

Ọgbọ́n tí Ojú-Kan dá sí i nìyí. Wọ́n máa ya fíìmù náà, wọ́n á wá fi í hàn láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lójú kámẹ́rà, nínú fíìmù á fò sókè padà sí garawa. Àga tó ṣubú á dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rìn lójú kámẹ́rà, nínú fíìmù, iwájú ló máa lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń kọ́ ìrìn ẹ̀yìn bí ọmọ tuntun, tí Àgbá sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin láti òpin wá sókè, kí ẹnu rẹ̀ lè bá orin mu nígbà tí wọ́n bá yí i padà. Wọn ò sì ní yà á ní wẹ́wẹ́. Bí kámẹ́rà bá ti ṣí, kò ní dákẹ́ títí orin á fi parí. Kò wá sí ibi tí èèyàn á ti gé ẹnì kan yọ láìba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ń dánra wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àgbá ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, ó ń kọ orin àdojúdé rẹ̀, "O im ap am ẹ! O im ap am ẹ!" Ìdí rẹ̀ sì tóbi, kò ní ojú. Ó lọ rọra gúnlẹ̀ sí ikùn Ẹ-Dìde bí ọkọ̀ ojú omi tó dé èbúté.

"Ta lo fìdí kọ lù?" ni Ẹ-Dìde bú ramúramù.

"Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yìn ni mò ń lọ sà, mi ò rí yín."

"Èdè wo lò ń sọ yẹn? Mo ní èdè wo? Ta lò ń ṣépè fún?"

"Orin ni sà. A dojú ẹ̀ dé ni."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà yọ ọrùn. "Sà, mo gbọ́ orúkọ yín nínú ẹ̀ sà."

"Mo mọ̀! Ìhà ibo lo ti gbọ́ ọ?"

"Ìhà ibi tó ti ní 'ap' yẹn sà."

Ẹ-Dìde fa ara rẹ̀ ga. Ó gbé ọwọ́ sókè. Bí Ẹ-Dìde bá ti gbé ọwọ́ sókè, ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná kó yáa lọ sọ ọ́ kalẹ̀. "Nínú ilé ìwé yìí," ló wí, "ilé ìwé tí mo jẹ́ òpó fún, tí mo jẹ́ òrùlé fún, tí mo tún jẹ́ fèrèsé fún kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, àwọn ọmọ kan wá ń fi èdè òkùnkùn kọrin mọ́ mi, wọ́n ń fìdí bá mi jà! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yìn rìn nínú ọgbà yìí mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan sí yàrá, kó yípo gbogbo ọgbà kó fi iwájú padà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, gba ẹ̀rọ burúkú yẹn!"

Bí wọ́n ṣe gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà kì í ṣe ti Ojú-Kan. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, ẹni tó fi ń ya ìgbéyàwó kiri. Yàrá kan ṣoṣo ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì kan, aṣọ kan tí wọ́n fi pín yàrá sí méjì, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà máa ń dúró lé ní igun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, irin dúró láìlórí.

"Kámẹ́rà mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ìgbà tó o bá ti ní kí n jókòó ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó dà?"

Ó sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lérí. "Mo ní ìyàwó láti yà ní Sátidé o! Kí ni mo fẹ́ fi yà á? Ṣé kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n máa rántí ẹ̀ fún wọn ni?"

"Èmi náà ńkọ́? Bí mi ò bá ní fíìmù, mi ò lè kàwé jáde."

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ọdún yìí ni agbára mi mọ lórí ilé ìwé yẹn. Kò sí èyí tó ń jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́. Kúnlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá le, fara dà á."

"Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé orin ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó rò pé èpè ni."

"Sọ fún un pé àdúrà ni! Ó ń ṣe ẹ́?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ojú-Kan gba ọ́fíìsì Ẹ-Dìde lọ. Ẹ ò bá wo ọ́fíìsì! Àga ọ̀gá wà lórí pèpéle. Àga àlejò ńkọ́? Ọ̀gá ti ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ gbogbo wọn, kí orí ẹnikẹ́ni má bàa ga ju tòun lọ. Bí o bá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ á máa bá etí rẹ sọ̀rọ̀. Àwòrán ló kún ara ògiri, ti ọ̀gá ni gbogbo wọn: ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ń wo àwòrán ọ̀gá.

Ojú-Kan kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ-Dìde ń wo òkè àjà.

"Fíìmù kí ni gan-an?" ló bi í.

"Fíìmù àṣekágbá sà. Èyí tí Màmá Alága máa wá wò."

Ojú ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà wẹ́rẹ́. "Màmá Alága máa wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ojú-Kan ló sọ ọ́ o, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sì wò ó bíi pé ó jí nǹkan òun.

"Ibo ni mo wà nínú ẹ̀?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀ sà. Ọ̀rọ̀ ọkọ tó da omi nù ni."

"Mi ò sí níbẹ̀? Kí wá ni wọ́n fẹ́ máa wò?"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà tẹ̀ sí i, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ẹ ò rí bí inú ọ̀gá ṣe ń dùn, bí ẹni tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ rìn ní ihò etí. Nígbà tó yá, ó dìde dúró lórí pèpéle. "Ọmọ, mo ti dárí jì ẹ́. Màá wọ inú fíìmù rẹ. Màá gba àárín kọjá. Màá pín báàgì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ayé á rí i pé bàbá ni mí. Màá wá sọ ọ̀rọ̀ ìwúrí díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ báàgì yìí, ẹ jẹ́ kí n là á. Báàgì aláwọ̀ búlúù ni, páálí-páálí, láti kó ìwé sí. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti fi wọ́n ránṣẹ́ pé kí ọ̀gá pín wọn fún àwọn ọmọ tuntun. Kò pín in. Kì í ṣe pé ó tà á o, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Ó tì í mọ́ sítọ́ọ̀ ni, nítorí kò tíì rí ọjọ́ tó tóbi tó òun láti pín in. Ẹ-Dìde kì í ṣe oore níbi tí kámẹ́rà ò bá sí. Ó ní oore tí wọn ò yà ní fọ́tò, ó dà bí ẹni tó ṣẹ́jú nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ń kó ìwé sínú ọ̀rá, tí òjò ń pa ìwé, tí báàgì ń sùn ní sítọ́ọ̀. Ohun olóhun tó bá sì pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, a máa jọ tẹni. Ọ̀gá ti gbàgbé ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́.

Ojú-Kan fọgbọ́n sọ ọ́. "Ó dáa sà. Ṣùgbọ́n nítorí pé a máa yí i padà, ẹ máa fi ẹ̀yìn wọlé ni sà. Ẹ máa gba báàgì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ máa kó o sí páálí. Bí a bá wá yí i, á dà bíi pé iwájú lẹ ń bọ̀, tí ẹ ń fún wọn."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gan-an gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

"Èmi," ni Ẹ-Dìde wí, "fi ẹ̀yìn rìn? Ṣé ọkọ̀ tó ń wá ibi tó máa dúró sí ni mí? Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi, orí ni mo fi jáde, mi ò yẹ̀yìn wò látìgbà náà! Bí mo bá gbàgbé fìlà sílé, mo máa ń ra òmíràn níwájú! Kí èmi wá máa gba báàgì lọ́wọ́ ọmọ, bí agbowó òde? Rárá. Ayé ló máa yí síbi tí mo bá kọjú sí. Bí mo ṣe ń rìn ni màá rìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà!" Orúkọ ti padà bọ̀.

"Sà, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú fíìmù..."

"Ṣé o fẹ́ kámẹ́rà rẹ àbí o ò fẹ́?"

Ó fẹ́ kámẹ́rà rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n yà á, àgbàlá ilé ìwé kún. Wọ́n to àga, wọ́n gbé garawa kalẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí sórí tábìlì. Wọ́n tan ẹ̀rọ orin. Orin náà ń dún láti òpin wá sókè bí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń lá àlá, Àgbá sì ń fi ẹ̀yìn rìn tẹ̀lé e, ó ń lanu tẹ̀lé e, ó fi ìdí gbá àga, ó tẹ garawa dànù. Àwọn oníjó lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn jó. Ojú-Kan di kámẹ́rà mú, kò mí.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ-Dìde yọ, iwájú ló ń lọ, àyà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbé páálí tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tó tò sí ìlà ń gba báàgì, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, nítorí wọ́n rò pé òótọ́ ni. Ó gun àpótí, ó sọ ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ó sọ ọ́ débi pé òógùn bò ó, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ń nù ún. Ọ̀fun gbẹ, ó mu omi kún ife kan, ó fà á gbẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yan gba ìpẹ̀kun àgbàlá jáde. Àgbá wá fa ìrọ̀rí ya, òwú gba gbogbo ojú ọ̀run.

"Ó ti parí!" ni Ojú-Kan ké. Ó pa kámẹ́rà.

Bí kámẹ́rà ṣe dákẹ́ báyìí, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. "Ẹ mú báàgì wá."

"Ṣé ẹ ò fún wa ni?"

"Fíìmù ni mo fún ọ, kì í ṣe báàgì. Mú un wá. Ọ̀gá máa pín in dáadáa lọ́jọ́ tó bá gorí àga."

Ó kó wọn padà sí páálí, páálí padà sí sítọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Ọmọ kan di tirẹ̀ mú, ó ní wọ́n á ní láti kó ọwọ́ òun mọ́ ọn. Wọ́n bá a fà á, wọ́n rí i gbà.

Ẹ-Dìde ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n yà han òun. Nínú fèrèsé kékeré ara kámẹ́rà, wọn ò tíì yí i padà nígbà náà, ọ̀gá rí Àgbá àti gbogbo oníjó tí wọ́n ń lọ sẹ́yìn, ó rí ara rẹ̀ tó ń lọ síwájú. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rí i? Gbogbo wọn ń padà sẹ́yìn, èmi nìkan ni mò ń tẹ̀ síwájú! Bó ṣe rí nínú ilé ìwé yìí gan-an nìyẹn! Ọmọ, o lóye."

"Sà, a máa yí i padà o," ni Ojú-Kan wí.

"Ẹ yí omi yín àti garawa yín bó bá ṣe wù yín. Èmi, bí mo ṣe wà ni kí n wà."

"Fíìmù kan náà ni sà, kò ṣeé pín. Bí omi bá ń padà, ẹ̀yin náà á máa padà. Bí báàgì bá kúrò lọ́wọ́ yín níbí, ọ̀dọ̀ yín ló máa bọ̀ níbẹ̀."

Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, o gbọ́? Ó rò pé ẹ̀rọ lè dá mi padà."

"Wọn ò tíì ṣe ẹ̀rọ náà sà. Irin tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é ò tíì kúrò nílẹ̀ sà."

"Gbogbo yín, ẹ gbọ́ o! Bí ọmọ yìí bá yọ mí kúrò nínú fíìmù, bó bá gé èékánná mi kan péré, kò ní kàwé jáde. Mo ti wí!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí lẹ fẹ́ kọ́mọ ṣe? Ó gbé kámẹ́rà délé, ó ro ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé o sọ fún un?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Mo sọ fún un títí ẹnu fi ń ro mí."

"Kí ló ní?"

"Ó ní wọn ò tíì ṣe ẹ̀rọ náà."

"Yí i padà, jàre. Ẹni tá a ní kó má jókòó lé ẹ̀gún, tó ní ìdí òun lọ̀gá ẹ̀gún, a kì í bá a fa ìdí. Fún mi ní kámẹ́rà mi, ọ̀la ni Sátidé."

Ọjọ́ ìwòran pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn ìyá àti bàbá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tí Ẹ-Dìde wọ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá tú u, á kárí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà sáré wọlé. "Ẹ dìde!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Màmá Alága nìkan ló jókòó sí iwájú.

"Màmá," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n ní ẹ dìde mà."

"Orúnkún mi ò gbọ́ èdè yẹn," ni Màmá dá a lóhùn.

Wọ́n pa iná, fíìmù bẹ̀rẹ̀ lára aṣọ funfun. Òwú ń bọ́ láti ojú ọ̀run, ó ń wọ ìrọ̀rí lọ ní tirẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àgbá ń bọ̀ níwájú, ó ń kọ orin yékéyéké, ẹnu bá orin mu bí ìdérí bá ìkòkò. Ẹ-Dìde na ọrùn. Ó ń retí ara rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ.

Ìdí gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, nínú aṣọ ńlá, ó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun àgbàlá, ó ń wá ọ̀nà bí ìdí adìẹ tó fẹ́ yé. Àwọn tó kù ń lọ síwájú, òun nìkan ló ń fà sẹ́yìn. Ó fìdí gun àpótí. Ó lanu, ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ń fi aṣọ ìnujú tẹ òógùn mọ́ ọn lójú. Ife òfìfo dé ẹnu ọ̀gá, ó pọ omi sínú rẹ̀, ife kún, ó gbé e fún wọn padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbọ̀ngàn ti ń mì. Bàbá kan já bọ́ lórí ìjókòó, wọ́n ní kí ló dé, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ló gba ẹ̀rín.

Ó wá kan báàgì. Àwọn ọmọ tò, báàgì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ èkíní, ó já a gbà, ó kó o sí páálí. Ó já ti èkejì gbà. Ẹni tó já tiẹ̀ gbà á dìde lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rín á rá lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dúró lọ́wọ́ òfo. Ó ń gbà, ó ń gbà, ọwọ́ ò sinmi, Àgbá sì ń fi ohùn gíga kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi ń bọ̀, ẹ má pa mí o!" Nígbà tó gbà á tán, ó fi ẹ̀yìn wọ ilé lọ tòun ti páálí, ilẹ̀kùn sì tì.

"Ọ̀gá, ẹ dá tèmi padà!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ tan iná! Ẹ tan iná!" Ẹ-Dìde ti dìde. Ojú rẹ̀ dà bí ata gígún. "Irọ́ ni! Ọmọ yìí ló yí mi padà! Màmá, mo fún wọn ni, mi ò gbà á!"

Màmá Alága ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Nígbà tó nù ún tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Báàgì yẹn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo yan aṣọ ẹ̀. Àwa ìgbìmọ̀ la fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. O ní o fún wọn?"

"Mo fún wọn mà! Níṣojú gbogbo ayé!"

Màmá yí ọrùn sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé lóòótọ́ ló fún yín?"

"Ó fún wa mà," ni wọ́n dáhùn.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n rí i. Ohun tí ẹ fi ń kó ìwé, ẹ gbé e sókè."

Wọ́n gbé e sókè. Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun, ọ̀rá tó ti ya tí wọ́n so ní kókó. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dún ṣìrìṣìrì. Ẹ̀rín ti tán ní gbọ̀ngàn. Ìyá kan wo ọ̀rá ọmọ rẹ̀, ó wo Ẹ-Dìde, ó pòṣé kan tó gùn tó ọ̀nà oko.

"Nígbà tó fún yín tán," ni Màmá bi ọmọ kan, "kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Bí kámẹ́rà ṣe dákẹ́ ni wọ́n gbà á mà. Bí fíìmù yẹn ṣe fi hàn náà ni."

Ẹ-Dìde ń wá ẹni tó máa gbè é. Ó wo Bẹ́ẹ̀-ni-Sà. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ń wo Màmá.

"Ibo làwọn báàgì náà wà?" ni Màmá bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà!" Ó ti kúnlẹ̀, ó ti na kọ́kọ́rọ́. "Ní sítọ́ọ̀ mà. Mo ti ń sọ fún un látọjọ́ yìí mà."

Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó gbé tìmùtìmù èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ẹsẹ̀ ló ti fẹ́ wá ìdí míì gbé e fún.

Ẹ-Dìde ṣì wà lórí ìdúró. "Jókòó," ni Màmá sọ fún un. Ó jókòó, kò wo ibi tó ń jókòó sí. Màmá wá dárúkọ ọ̀gá tuntun, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti sùn lọ ní ìlà ẹ̀yìn. Wọ́n ní láti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kí wọ́n tó lè kí i kú oríire. Ojú-Kan kàwé jáde. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí inú rẹ̀ ṣe rí, ó ní ìyàwó tó yà ní Sátidé náà ti ń bèèrè bóyá wọ́n lè yí tòun padà, kóun lè padà sílé bàbá òun.

Wọ́n gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ Ẹ-Dìde, tòun ti pèpéle. Ṣùgbọ́n Màmá ní kò ní lọ báyìí. Ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín báàgì náà ná, ní àgbàlá, ní kòrókòró ojú, kí wọ́n sì yà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró sínú oòrùn nídìí páálí, àwọn ọmọ tò dé géètì. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀. Wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń gbà, wọ́n ń lọ. Ojú-Kan gbé kámẹ́rà ka iwájú rẹ̀, ó pa ojú kan dé.

Ẹ-Dìde rọra tẹ̀ sí i. "Ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò tó ti kòkòrò, "ṣé ẹ máa yí èyí náà padà?"

"Rárá sà," ni Ojú-Kan dáhùn. "Èyí, bó ṣe rí ló máa wà."

Ọkùnrin tí kì í ṣe oore bí kámẹ́rà ò bá sí, ó wá ibi tó máa fi ojú pamọ́ sí, kò rí. Ló bá gbé báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bo gbogbo ojú, ó dúró gbagidi bí òpó.

Ọmọ tó kàn ní ìlà dúró, dúró. Nígbà tó sú u, ó fi ìka kan gbá a ní èjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, báàgì mi lẹ fi bojú yẹn."